Aago Tí Kò Mọ Àtẹ̀gùn

Ìyá mi kì í ṣe ẹni tí èèyàn ń sọ fún pé kó jókòó. Kí ẹ tó sọ pé "Màmá, ẹ sinmi díẹ̀," wọ́n ti gbé àpò kọ́ èjìká, wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà, ìró bàtà wọn nìkan ni yóò dá yín lóhùn. Iṣẹ́ apínlẹ́tà ni wọ́n ń ṣe. Lẹ́tà ni o, páálí ni o, ohunkóhun tí ẹnì kan bá fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, Màmá ló ń gbé e dé ẹnu ilẹ̀kùn. Apá òkè ìlú wa ni iléeṣẹ́ fi sí wọn lọ́wọ́, níbi tí ọkọ̀ kò lè dé, tó jẹ́ pé àtẹ̀gùn òkúta ni títì ibẹ̀ láti ìsàlẹ̀ títí dé téńté. Ìyá Òkè ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè wọ́n, tọmọdé tàgbà.

Èmi ni àkọ́bí wọn. Irun ni mo ń dì. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù mi àti ti Bàbá mi, tí wọ́n jẹ́ télọ̀. Wọ́n ń sọ ládùúgbò pé ẹnu mi mú, wọn ò sì parọ́ mọ́ mi. Ti Bàbá yàtọ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n, wọ́n sì fẹ́ràn Màmá débi pé bí Màmá bá sín lókè, abẹ́rẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ Bàbá nísàlẹ̀. Ẹ fi ìfẹ́ yẹn sọ́kàn o, nítorí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba nǹkan jẹ́ fún wa.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ ni pé ọ̀gá tuntun dé sí iléeṣẹ́ Màmá. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Apínlẹ́tà kan ti dákú lójú ọ̀nà kó tó dé, ìtàn náà sì ń bà á lẹ́rù. Ló bá ra aago ìgbàlódé, irú èyí tí wọ́n ní ó lọ́pọlọ, ó pín in fún gbogbo apínlẹ́tà tó ti lé ní ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta. Aago náà ń ka bí ọkàn ṣe ń lù, ó ń sọ bí ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó, ó sì tún ń fún èèyàn ní máàkì lórí okun ọkàn, bí ẹni pé a ti padà sílé ìwé. Ọ̀gá wá ṣòfin. Ẹni tí aago bá ń fún ní "kò dára" títí oṣù mẹ́ta fi pé, kí ó fi títì sílẹ̀, kí ó wá jókòó sí yàrá abẹ́ ilé, kí ó máa ṣa lẹ́tà. Mo ti wọ yàrá yẹn rí. Kò ní fèrèsé, àga ló kún ibẹ̀.

Màmá fẹ́ràn aago náà níbẹ̀rẹ̀. Wọ́n á na ọwọ́ sí àwọn oníbàárà mi, wọ́n á ní, "Ẹ wá wo bí ọkàn mi ṣe ń lù." Ṣùgbọ́n rọ́bà rẹ̀ mú kí ara sú wọn lọ́rùn ọwọ́, ó ń yún wọn. Bàbá rí i, ara wọn ò gbà á. Wọ́n gé aṣọ fẹ́lẹ́ kan, aláwọ̀ ewé, wọ́n rán an bí ìtẹ́lẹ̀ sí ẹ̀yìn aago náà, wọ́n fi lásítíìkì tín-ín-rín sí etí rẹ̀ yíká. Iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni. Wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, pé nǹkan iléeṣẹ́ ni, kí òógùn má lọ bà á jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Inú Màmá dùn. Wọ́n gbé e wọ̀, wọn ò bọ́ ọ mọ́.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí aago bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn ní máàkì, kò sì sọ ọ̀rọ̀ rere kan. Okun ọkàn: kò dára. Pupa ló fi ń kọ ọ́. Ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀: ó ti lọ sílẹ̀, ẹ lọ rí dókítà. Ní àárọ̀, ní ọ̀sán, ní ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó ń fi ojoojúmọ́ gun òkè pẹ̀lú ẹrù léjìká! Mo ní kí Màmá má dá nǹkan játijàti yẹn lóhùn.

"Ṣé ìwọ lo wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi ni?" wọ́n bi mí. "Ó ń rí inú mi. Ìwọ ò rí i."

Ohun tó dùn mí jù nìyẹn, pé wọ́n gbà á gbọ́. Oúnjẹ wọn dín kù. Bí wọ́n bá ń sọ̀kalẹ̀ láti yàrá, wọ́n á di ògiri mú. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan láti apá òkè wá dirun lọ́dọ̀ mi, ó ní, "Kí ló ṣe Ìyá Òkè? Wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn wa lánàá. Mo rò pé nǹkan wọn ló sọnù tí wọ́n ń wá a." Ìyá mi, kí wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn? Nígbà tí wọ́n dé lálẹ́ ọjọ́ náà, mi ò fi ọ̀kan pe méjì, mo bi wọ́n léèrè.

Wọ́n ń fi ìka kan aṣọ ewé abẹ́ aago náà.

"Ọmọ mi," wọ́n wí, "nígbà tí ìyá tèmi dàgbà, wọ́n ní kí wọ́n jókòó kí wọ́n sinmi. Wọ́n jókòó. Wọn ò dìde mọ́. Bí wọ́n bá gbé mi lọ sí yàrá abẹ́ ilé yẹn, mo ti lọ nìyẹn."

"Ẹ jẹ́ ká lọ rí dókítà nígbà náà."

"Kí òun náà lè wá sọ pé òótọ́ ni?"

Ó ṣòroó gbọ́ létí o, pé ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n ó tán lọ́jọ́ yẹn.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ló kù kí oṣù mẹ́ta pé nígbà tí oníbàárà tuntun kan wọlé sọ́dọ̀ mi. Kò ju ẹgbẹ́ mi lọ. Ó jókòó, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, mo sì rí aago mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀, méjì lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún. Ẹ mọ̀ mí. Mi ò lè mú un mọ́ra.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé aago lẹ ń tà ni, àbí ẹ ò fẹ́ kí àkókò ó kọjá lára yín?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Mo ń dán wọn wò ni. Iṣẹ́ mi nìyẹn ní yunifásítì. A fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni wọ́n ń sọ."

Mo fi kóòmù sílẹ̀ sínú irun rẹ̀. "Ṣé aago ìgbàlódé máa ń parọ́ ni?"

"Kì í mọ̀ọ́mọ̀ parọ́. Àmọ́ púpọ̀ nínú ohun tó ń sọ, ojú ló fi ń bù ú. Ta ló lè dúró sí ọrùn ọwọ́ kó rí okun ọkàn? Bí a bá fẹ́ mọ̀ ọ́n dájú, a máa ń fi ìbòmú bo ẹnu àti imú èèyàn, á máa rìn lórí ẹ̀rọ títí agbára rẹ̀ á fi tán, a ó wá wọn èémí tó ń mí. Lẹ́yìn náà la ó wò ó bóyá aago sọ ohun tí ìbòmú sọ." Ó mí kanlẹ̀. "Ìṣòro wa ni pé àwọn ọ̀dọ́ tó ń sáré ìdíje nìkan ló ń wá. Àwọn tó ti lé ní àádọ́ta ọdún kì í fẹ́ wá."

Ẹ̀yin èèyàn mi, n kò mọ bí mo ṣe di irun ìyókù tán. Ìlà kan wọ́ lẹ́yìn orí rẹ̀, òun náà ò tíì mọ̀ títí dòní. Mo sọ gbogbo ọ̀rọ̀ Màmá fún un. Dókítà Aago-Mẹ́ta ni mo sọ ọ́ lórúkọ lọ́jọ́ náà, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára.

Ó wá ku ẹni tó máa sọ fún Màmá. Wọ́n fi àáké kọ́rí. Wọ́n ní aago ọwọ́ àwọn ti tó o, àwọn ò fẹ́ kí ẹ̀rọ mìíràn tún wá jẹ́rìí sí i. Bàbá ló yí wọn lọ́kàn padà.

"Aya mi," Bàbá wí, "bí ojú bá ń ṣepin, ojú là á fi hàn. Èmi náà á lọ. Kí wọ́n wọn àwa méjèèjì."

Màmá wò wọ́n láti òkè délẹ̀. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í dìde nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ? Ó dáa, ẹ jẹ́ ká lọ. Bí mo bá máa gbọ́ ọ, kí n gbọ́ ọ lẹ́nu ohun tó mọ̀ ọ́n dájú."

Dókítà Aago-Mẹ́ta kọ́kọ́ fún Bàbá ní aago kan láti wọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ yẹn burú fún gbogbo ilé, nítorí aago Bàbá ń yìn wọ́n ni. Okun ọkàn: ó dára gan-an! Nígbà tí aago ìyàwó ń bú ìyàwó, ti ọkọ ń ki ọkọ. Bàbá ń fi apá aṣọ bò ó kí Màmá má bàa rí i, ṣùgbọ́n mo rí wọn tí wọ́n ń yọjú wò ó lábẹ́ aṣọ bí ọmọdé tó fi súìtì pa mọ́.

Lọ́jọ́ tí a lọ, Màmá ti ẹnu iṣẹ́ bọ̀ tààrà, wọ́n gbé àpò wọn dání, ó ṣì kún dé ìdajì. Yàrá ìdánwò náà funfun, ó mọ́ tónítóní. Ẹ̀rọ ìrìn wà láàárín, ó ní ibi ìdìmú lọ́tùn-ún lósì, páìpù ìbòmú sì sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Dókítà oníṣègùn kan fetí sí ọkàn àwọn méjèèjì, ó ní kò séwu, wọ́n lè rìn.

Bàbá ló kọ́kọ́ gùn ún. Aṣọ tí wọ́n fi ń lọ síbi ìgbéyàwó ni wọ́n wọ̀ wá. Wọ́n fi ìbòmú bo Bàbá lẹ́nu, Bàbá gbé àtàńpàkò sókè sí wa. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, Bàbá ń yan. Ẹ̀rọ yára díẹ̀, Bàbá ò yan mọ́. Ẹ̀rọ gbé orí sókè díẹ̀ bí ẹni ń gun òkè, ni Bàbá bá di irin mú lọ́wọ́ méjèèjì, wọ́n ń pariwo nínú ìbòmú, "Ẹ dá a dúró o! Ẹ dá a dúró!" Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, òógùn ti rẹ agbádá. Dókítà Aago-Mẹ́ta wo ẹ̀rọ rẹ̀, ó rọra sọ pé okun ọkàn Bàbá kéré gan-an ju ohun tí aago wí lọ, pé kí wọ́n máa dìde rìn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Aago ṣì ń tàn lọ́wọ́ wọn: ó dára gan-an.

Mo rò pé Màmá á rẹ́rìn-ín. Wọn ò rín. Ohun tí wọ́n rí ni pé ẹni tí aago yìn gan-an kò lè gùn ún. Ẹni tí aago ń bú á ti wá ṣe é?

Ó kan Màmá. Dókítà Aago-Mẹ́ta na ọwọ́ láti bá wọn tún aago so, ó dá ọwọ́ dúró. Ó yí aago náà padà.

"Ta ló rán èyí?"

Bàbá ṣì ń mí hẹlẹhẹlẹ lórí àga, ṣùgbọ́n wọ́n na ọrùn. "Èmi ni. Ẹ wo ojú abẹ́rẹ́ yẹn dáadáa. Ẹ ò lè rí i, àbí? Bí ẹ bá fẹ́, mo lè rán in fún gbogbo aago tí ẹ ní níbí."

"Bàbá," obìnrin náà wí, ó ń pa ẹ̀rín mọ́ra, "iná kékeré kan wà lẹ́yìn aago. Ó ń tan iná yẹn sí ara, ó ń wo bí ìmọ́lẹ̀ náà ṣe ń padà wá, ìyẹn ló fi ń mọ ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ fara kan awọ ara. Láti ọjọ́ tí ẹ ti rán aṣọ yìí, ara aṣọ ló ń kà."

Màmá yíjú sí ọkọ wọn. Wọ́n wò wọ́n, wọ́n wò wọ́n.

"Bàbá wọn. Ẹ fi aṣọ bo ẹ̀rọ lójú, ẹ wá ní kó máa ríran."

Ẹ̀rín pa mí débi pé mo di ògiri mú. Wọ́n bọ́ aṣọ ewé náà kúrò, wọ́n so aago mọ́ awọ ara gan-an, wọ́n sì fi ẹ̀rọ kékeré kan há Màmá ní ìka, èyí tí wọ́n ń lò nílé ìwòsàn. Aago àti ẹ̀rọ ìka sọ ohun kan náà: ọ́síjìn Màmá pé, kò lábùkù. Ojú Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í là. Bàbá ká aṣọ ewé wọn sínú àpò, wọ́n ní àwọn á fi rán nǹkan mìíràn.

Ṣùgbọ́n ọ́síjìn kọ́ ni òfin ọ̀gá ń wò. Okun ọkàn ni, pupa ni aago ṣì ń kọ ìyẹn, aṣọ tàbí kò sí aṣọ. Màmá gun ẹ̀rọ ìrìn.

Ojú mi ò fẹ́ wo ohun tó tẹ̀ lé e. Ilẹ̀ tó ń sá lábẹ́ ẹsẹ̀ ò bá wọn lára mu. Wọ́n ń kọsẹ̀, èjìká wọn kan ga ju ìkejì lọ, ọwọ́ wọn ń wá ibi tó máa dì mú. Adìẹ bà lókùn ni ọ̀rọ̀ náà, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi gbé ọwọ́ sókè pé kí wọ́n dá a dúró. Wọ́n bọ́ ìbòmú. Omi wà lójú wọn.

"Ẹ rí i?" wọ́n wí. "Aago ti sọ ọ́."

Mo wo Bàbá, Bàbá wo ilẹ̀. Màmá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà, wọ́n tẹjú mọ́ àpò wọn tó wà lórí àga. Wọ́n wò ó pẹ́. Èjìká wọn òsì ṣì ga sókè, bí ó ṣe máa ń ga nígbà tí okùn àpò bá wà níbẹ̀. Mo rò pé ìdágbére ni wọ́n ń ṣe fún un.

"Ọmọ mi," wọ́n wí, "gbé àpò mi wá."

"Ṣé ẹ fẹ́ ká máa lọ ni, Màmá?"

"Ta ló ní ká máa lọ? Gbé e wá. Mi ò gbé nǹkan léjìká, ìyẹn ni ẹsẹ̀ mi ò fi mọ ibi tó ń lọ. Láti ìgbà tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, mi ò gun òkè lọ́wọ́ òfo rí." Wọ́n yíjú sí Dókítà Aago-Mẹ́ta. "Ṣé ó lòdì sí ètò yín?"

Obìnrin náà ronú díẹ̀. "Kò sí nínú ètò wa. Ṣùgbọ́n ìbòmú kì í wo èjìká, èémí ló ń wọ̀n. Ẹ gbé e kọ́. Ẹ̀rọ náà ò ní yára púpọ̀, gíga ni màá máa gbé e sí i."

Màmá gbé àpò kọ́, wọ́n fà á dọ́gba sẹ́yìn, wọ́n tẹ̀ síwájú díẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Àfi bí ẹni pé ẹlòmíràn ló gun ẹ̀rọ náà. Ẹsẹ̀ wọn balẹ̀. Ọwọ́ wọn kúrò lára irin. Ẹ̀rọ gbé orí sókè, Màmá ń bọ̀. Ó tún gbé e sókè, Màmá ń bọ̀. Bàbá ti dìde lórí àga, wọ́n gbàgbé pé ó rẹ̀ wọ́n. Wọ́n gbé e sókè dé ibi tí wọ́n ti dá a dúró fún Bàbá, Màmá kọjá ibẹ̀ wọn ò wẹ̀yìn. Oníṣègùn tó wà níbẹ̀ sún mọ́ tòsí, ó ń wo ojú wọn, ó ń wo ojú ẹ̀rọ. Mo gbọ́ tí nǹkan ń dún nínú ìbòmú, mo rò pé wọ́n ń kérora. Mo fetí sí i. Àwọn ará apá òkè ni wọ́n ń kí, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe ń kí wọn láràárọ̀. "Ẹ káàárọ̀ o, onígi. Ẹ káàárọ̀, ìyá ìbejì. Ṣé dáadáa la jí?"

"Aya mi ni o!" Bàbá kígbe sí oníṣègùn, bí ẹni pé ó ti jiyàn. "Aya mi nìyẹn!"

Èmi? Mo ń sunkún. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, mo sì rí ojú Dókítà Aago-Mẹ́ta nígbà tó ń wo ẹ̀rọ rẹ̀. Ó gbàgbé láti pa ẹnu rẹ̀ dé.

Nígbà tí Màmá gbé ọwọ́ sókè níkẹyìn, àwọn fúnra wọn ló sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì gbé àpò náà jẹ́jẹ́ sórí àga kí páálí inú rẹ̀ má bàa fọ́. Wọ́n mí, wọ́n tún mí.

"Ó yá, ẹ sọ ọ́," wọ́n wí. "Ẹ má fi pa mọ́ fún mi."

"Màmá," Dókítà Aago-Mẹ́ta wí, "ẹ ní ẹni ọdún mélòó ni yín?"

"Méjìdínlọ́gọ́ta."

"Ọkàn yín ò mọ̀ o. Okun obìnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún ló wà nínú yín. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, mi ò rí irú rẹ̀ rí lára ẹni tó jẹ́ ẹgbẹ́ yín."

Mo pariwo. Bàbá fò mọ́ Màmá, agbádá tútù àti gbogbo ẹ̀. Láàárín ariwo náà ni aago ọwọ́ Màmá dún. Gbogbo wa bojú wò ó. Pupa ni. Okun ọkàn: kò dára.

Dókítà Aago-Mẹ́ta wá ṣàlàyé. Ó ní aago ń wo bí èèyàn ṣe yára tó lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ó ń wo bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, ó wá ń fojú bu ìyókù. Bí Màmá bá ń gun àtẹ̀gùn pẹ̀lú ẹrù, ọkàn wọn á máa lù kíkankíkan, ṣùgbọ́n lójú aago, ibi tí wọ́n wà ni wọ́n ṣì wà. Ó wá rò pé ọkàn yìí ń ṣe làálàá lórí asán. Ó ní àwọn ti ń rí i lára ọ̀pọ̀ tí wọ́n dán wò, pé aago a máa bu alágbára kù, a sì máa fi kún ti aláìlágbára. Ó wo Bàbá tìfuratìfura nígbà tó sọ èyí tó kẹ́yìn.

"Nítorí náà, kò mọ àtẹ̀gùn?" Màmá bi í.

"Kò mọ̀ ọ́n."

"Kò sì mọ páálí?"

"Rárá, Màmá."

Màmá mirí. "Ó wá jẹ́ pé iṣẹ́ mi gan-an ló fi ń bú mi."

Lọ́jọ́ kejì, àwa mẹ́ta la lọ bá ọ̀gá: Màmá, èmi, àti Dókítà Aago-Mẹ́ta. A fi Bàbá sílẹ̀ nílé, nítorí gbogbo ara ń ro wọ́n. Ọ̀gá fetí sílẹ̀ dáadáa. Ó béèrè ọ̀rọ̀, wọ́n dá a lóhùn. Lẹ́yìn náà ló ní òfin sọ pé aago ni ká wò o, kò sọ̀rọ̀ ìbòmú. Bí mo ṣe gbaná jẹ nìyẹn. Mo ní ṣé òun náà á fẹ́ kí aago wá joyè ọ̀gá ni, nígbà tó jẹ́ pé aago ló mọ gbogbo nǹkan?

"Ìwọ, gbẹ́nu ẹ dákẹ́," Màmá wí. Mo dákẹ́.

Ọ̀gá wo ilẹ̀. Ó ní, "Ìyá, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún ṣubú mọ́. Ìdí tí mo fi rà á nìyẹn. Mo rò pé nǹkan tó wọ́n tó bẹ́ẹ̀ kò lè ṣìnà." Ó gbójú sókè. "Ẹ padà sí òkè yín. Màá tún òfin ṣe fún yín."

Mo ti dìde. Dókítà Aago-Mẹ́ta ti dìde. Màmá ò dìde. Wọ́n wo àyíká, wọ́n fa àga tó wà níwájú tábìlì ọ̀gá, wọ́n jókòó sí i, wọ́n sì gbé àpò wọn lé itan.

"Àwọn tó gba aago ṣáájú mi, tí wọ́n ti wà lábẹ́ ilé ńkọ́?" wọ́n bi í.

"Ìyẹn ọ̀rọ̀ mìíràn, Ìyá."

"Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Aago kan náà ló sọ̀ wọ́n kalẹ̀. Kí wọ́n wọn gbogbo wọn bí wọ́n ṣe wọ̀n mí. Ẹni tí ara rẹ̀ ò bá le, kí ó jókòó. Ẹni tí ara rẹ̀ bá le, kí ẹ dá títì rẹ̀ padà fún un."

"Ẹ jẹ́ kí n ronú sí i."

"Ẹ máa rò ó. Mo jókòó."

Ẹ wò ó, gbogbo ọjọ́ ayé mi, mi ò rí i kí ìyá mi fi ìfẹ́ inú ara wọn jókòó níwájú ẹnikẹ́ni. Wọ́n jókòó bí òkè tí wọ́n ń gùn. Wọ́n fọwọ́ lẹ́rán, wọ́n ń wo fèrèsé. Ọ̀gá tú ìwé, ó dì í. Ó gba ìpè, ó fi í sílẹ̀, Màmá ń bẹ níbẹ̀. Nígbà tó yá, ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ó ní òun gbà, pé Ìyá, ẹ dákun, ẹ dìde, ẹrù àwọn ará òkè ti pọ̀ jù nílẹ̀.

Wọ́n wọn gbogbo wọn. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó wà lábẹ́ ilé ló padà sí títì wọn. A ò ní fi òótọ́ pa mọ́ o: ọ̀kan wà nínú wọn, ọkùnrin onísùúrù kan tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́sẹ̀-Yíyá, tí ọ̀rọ̀ aago bá tirẹ̀ mu. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ní àìsàn lóòótọ́. Wọ́n tètè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú rẹ̀, ara rẹ̀ sì ti ń mókun. Nítorí tirẹ̀ ni mi ò ṣe bú aago náà tó bí mo ṣe fẹ́.

Lọ́jọ́ tí Màmá padà sí òkè, tí ẹ̀rù ò bà wọ́n mọ́, mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, mo tẹ̀ lé wọn. Mo fẹ́ fojú mi rí i. Kí a tó dé ìdajì ọ̀nà ni mo ti kábàámọ̀. Àwọn èèyàn ń jáde sẹ́nu ilẹ̀kùn. "Ìyá Òkè! Ẹ káàbọ̀ o!" Ọkùnrin onígi kan gbé ife omi jáde, Màmá ní kó gbé e fún mi. Wọ́n ń gun àtẹ̀gùn náà ní méjì-méjì, àwọn nìkan, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí a dé téńté, aago dún lọ́wọ́ wọn. Wọ́n wò ó, wọ́n fi hàn mí. Pupa.

"Ẹ bọ́ ọ sọnù, Màmá," mo wí. Ọ̀rọ̀ ò fẹ́ẹ́ jáde lẹ́nu mi, mo ń mí bí ewúrẹ́ tí wọ́n lé.

"Kí n bọ́ ọ sọnù kẹ̀? Fi í sílẹ̀. Bàbá ẹ kì í lé ọmọ iṣẹ́ tó gé aṣọ wọ́." Wọ́n fi àtàńpàkò nu ojú aago náà. "Kó máa tẹ̀ lé mi. Ó ń kọ́ṣẹ́ ni."

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn nítorí ẹsẹ̀ mi ò gbé mi mọ́. Màmá bojú wẹ̀yìn, wọ́n rí mi.

"Dìde níbẹ̀," wọ́n wí, "kí wọ́n má lọ gbé ọ lọ sí yàrá abẹ́ ilé." Wọ́n sì kan ilẹ̀kùn tó kàn.